Ẹ Bi Wá: Yíya Bàálù Ogun Àtijọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà tó wọlé lórí iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan mìíràn ju bàálù ajagun ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì lọ: Spitfire àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Messerschmitt àwọn Jámánì, Mustang àwọn ará Amẹ́ríkà. A kó èyí tó jọra sójú kan. Krita, GIMP àti Blender, àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ń lo Photoshop tàbí Procreate yóò rí irinṣẹ́ tó jọ wọ́n níbẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ya Spitfire kan, mi ò fo ríbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lára rẹ̀, síbẹ̀ ṣe ló jọ bàálù oníke tí wọ́n ń tà fọ́mọdé. Kí ló fà á? — A. O., Ìbàdàn

Ríbẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Spitfire Mk I (Mk ni wọ́n fi ń pe ẹ̀yà bàálù, I ni ẹ̀yà kìíní) gùn ní mítà 9.12 láti ṣóńṣó imú dé ìparí ìrù. Tí ẹ bá yà á kó gba píksẹ́lì 4,000, mìlímítà kan lára bàálù gidi di píksẹ́lì 0.44. Orí ríbẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní mìlímítà 5 kò ní ju píksẹ́lì 2 lọ. Bí búrọ́ọ̀ṣì yín bá jẹ́ píksẹ́lì 6, ríbẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó mìlímítà 14 lẹ kàn mọ́ ọn lára, irú èyí tí wọ́n fi ń kan afárá. Ìlà ìsopọ̀ páànù tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí léyà (ìpele àwòrán) tirẹ̀, kí ẹ dín opacity rẹ̀ (bó ṣe hàn ketekete tó) kù sí 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá pa á rẹ́ pátápátá níbi tí oòrùn ti ń dán àti níbi tí òjìji ti ki. Lórí apá Spitfire, orí ríbẹ́ẹ̀tì tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ páànù. Apá ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni ti Mk I ti yọrí díẹ̀. Ẹni tó bá fọ́n ọn sí gbogbo ara ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ láti ba àwòrán jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo awakọ̀. Orí èèyàn pẹ̀lú fìlà awọ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ìyẹn píksẹ́lì 110 nínú 4,000 yẹn. Púpọ̀ nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ló ní awakọ̀ tí orí rẹ̀ tó ìlọ́po méjì èyí. Lójú ẹsẹ̀ tí orí bá ti tóbi, bàálù ti kéré.

Ohun kẹta ni lẹ́ǹsì. Bí ẹ bá gbé bàálù 3D ti Blender kalẹ̀ láti fi ṣe atọ́nà, kámẹ́rà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 50. Àwọn kan tún máa ń fà á wálẹ̀ sí 24 kí ìran náà lè le. Imú á wú, ìrù á rọ, ó di ohun tí èèyàn fi kámẹ́rà sún mọ́ lórí tábìlì. Inú bàálù kejì ni wọ́n ti ń ya bàálù tó wà lófurufú, láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbé lẹ́ǹsì sí àárín 85 sí 135, kí ẹ sì fa kámẹ́rà sẹ́yìn. Òjìji abẹ́ apá náà kì í ṣú bí èédú lókè yẹn: ìmọ́lẹ̀ ń ta padà látinú ìkúùkù àti ilẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ fi búlúù tàbí àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ lù ú.

Ìjà òfurufú tí wọ́n jà lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940 ni mo fẹ́ yà. Spitfire kan tí mo rí ní àwọ̀ ilẹ̀, òmíràn ní àwọ̀ eérú, òmíràn ní ìlà funfun àti dúdú. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? — T. K., Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ mú oṣù kan. Ọdún nìkan kò tó. Kí oṣù kẹfà 1940 tó dé, abẹ́ apá òsì Spitfire dúdú, ti ọ̀tún funfun. Láti oṣù kẹfà yẹn ni abẹ́ wọn ti di àwọ̀ tí RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ń pè ní Sky, èyí tó wà láàárín ewé àti eérú ṣíṣí. Òkè wọn jẹ́ Dark Earth àti Dark Green. Èyí ni ẹ máa lò fún ìjà oṣù keje sí ìkẹwàá. Àmì òbìrìkìtì ara rẹ̀ ní etí ìyeyè. Ti òkè apá jẹ́ pupa àti búlúù nìkan, kò ní funfun.

Àwọ̀ eérú tí ẹ rí, Ocean Grey ni, kò wọlé títí di oṣù kẹjọ 1941, pẹ̀lú Medium Sea Grey nísàlẹ̀ àti ìlà ìyeyè létí iwájú apá. Ìlà funfun mẹ́ta àti dúdú méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 18, ti oṣù kẹfà 1944 ni, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Normandy ní Faransé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀já Sky tó fẹ̀ ní ínṣì 18 níwájú ìrù, pẹ̀lú imú abẹ̀bẹ̀ (ṣóńṣó tó bo àárín abẹ̀bẹ̀ iwájú) tó ní àwọ̀ kan náà: ìparí oṣù kọkànlá 1940 ló bẹ̀rẹ̀, ìjà yẹn sì ti rọlẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀já yẹn sára Spitfire tó ń jà lóṣù kẹsàn-án, ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti rí i kó tó wo nǹkan mìíràn.

Ní ti iye àwọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: Dark Earth, R 120, G 98, B 70, Dark Green, R 72, G 76, B 58, Sky, R 188, G 196, B 168. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe òfin. Bí bàálù bá ṣe jìn tó lẹ ó ṣe pò ó mọ́ àwọ̀ ojú ọ̀run: èyí tó wà nítòsí, 5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó wà lókèèrè lè gbà tó 50. Ẹni tó bá fi àwọ̀ kan náà kun bàálù iwájú àti ti ẹ̀yìn ti pa òfurufú tó wà láàárín wọn rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní àwáwí kankan. RAF Museum wà ní Hendon, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. Duxford sì wà nítòsí Cambridge, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ẹ ya àwòrán ìrísí àti ìsopọ̀ níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ tí fóònù bá mú lábẹ́ iná inú ilé ṣe ìwọ̀n.

Mo ya ìdajì Spitfire, mo fi Mirror yí ìdajì kejì. Ẹnì kan ní abẹ́ rẹ̀ kò tọ̀nà. Ṣé òótọ́ ni? — S. L., Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni. Lábẹ́ Mk I, II àti V, rẹdiétọ̀ onígun mẹ́rin wà lábẹ́ apá ọ̀tún; ohun kékeré tí wọ́n fi ń mú ọ́ìlì tutù ló wà lábẹ́ apá òsì. Mk IX ni àpótí méjèèjì ti fẹ̀ dọ́gba. Ilẹ̀kùn kékeré tí awakọ̀ ń gbà wọlé, òsì nìkan ló wà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn eré bàálù, abẹ́ apá òsì nìkan. Ẹ lo Mirror fún ìrísí apá àti ìrù, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́.

Tí mo bá ya abẹ̀bẹ̀ iwájú kó hàn ketekete, ṣe ló dà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Tí mo bá mú un ṣe bàìbàì, ó di àwo ìjẹun. Kí ni kí n ṣe? — B. F., Òṣogbo

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣírò, nítorí ìwọ̀n bàìbàì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú. Ẹ́ńjìnnì Merlin tó wà nínú Spitfire Mk I máa ń yí tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Jíà tó wà níwájú dín in kù sí 0.477, nítorí náà abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí bí ìgbà 1,430. Kámẹ́rà tó ṣí fún ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá kan yóò bá a tó ti yí dígíríì 34. Tí bàálù bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ẹ́ńjìnnì wà ní 2,000, dígíríì 23 ni. Àárín méjì yìí ni kí ẹ máa ṣeré sí. Abẹ̀bẹ̀ ọlọ́wọ́ mẹ́ta ní àlàfo dígíríì 120 láàárín ọwọ́ kan sí ìkejì, nítorí náà ojú á ṣì máa rí ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tó ń sáré kọjá. Àwo ìjẹun tí ẹ rí, ẹ ti yí i kọjá 120 ni.

Ẹ ṣí fáìlì tuntun, 2,000 sí 2,000 píksẹ́lì, tí kò ní àwọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ ya ọwọ́ mẹ́ta láti ojúkojú, kí ẹ fi ìyeyè kun ínṣì 4 tó gbẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní GIMP, ẹ lọ sí Filters, Blur, Circular Motion Blur, kí ẹ gbé àárín rẹ̀ sí àárín gan-an, kí ẹ sì kọ dígíríì yín sí i. Ìyeyè ẹnu ọwọ́ á fà di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ létí. Ìgbà yìí ni ẹ tó gbé e lọ sínú àwòrán ńlá, kí ẹ fi Perspective tẹ̀ ẹ́ títí tó fi bá imú bàálù mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kó tó mú un ṣe bàìbàì, yóò rí ọwọ́ tó jáde kọjá etí òbìrìkìtì tó ti tẹ̀ bí ẹyin, nítorí irinṣẹ́ yẹn òbìrìkìtì nìkan ló mọ̀.

Opacity 40 sí 60 máa ń tó. Imú abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bàìbàì rárá: ó yípo lójú kan, àwọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí ohun tí ojú á rí tó ń sún. Ó sì ku èyí tí ọ̀pọ̀ ń fò: ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ lọ́, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ẹ̀gbẹ́ iwájú, ọwọ́ tó wà lápá kan á fi ojú fífẹ̀ rẹ̀ hàn, èyí tó wà lódìkejì á fi etí rẹ̀ hàn, á sì tín-ín-rín. Nítorí náà ìdajì kan á mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ.

Ẹ tún wo ọ̀nà tó ń yí sí. Ti Merlin ń yí bí ọwọ́ aago bí awakọ̀ bá wò ó láti ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró níwájú, ó yí lódì sí ọwọ́ aago. Spitfire tó ní ẹ́ńjìnnì Griffon yàtọ̀, òdìkejì lòun ń yí sí. Mk I ọlọ́wọ́ mẹ́ta, Mk IX ọlọ́wọ́ mẹ́rin, Mk XIV ọlọ́wọ́ márùn-ún. Ẹ má sì wo fídíò fóònù níbi tí ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ ti tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fóònù ló ń ka àwòrán ní ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, kò sí abẹ̀bẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ya Mustang onírù pupa ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Irin rẹ̀ kàn ń di eérú lọ́wọ́ mi ni. — D. A., Houston

Àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ní Tuskegee, ní Alabama, nìyẹn, ẹgbẹ́ 332nd Fighter Group lábẹ́ Benjamin O. Davis Kékeré. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1944 ni Mustang tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní Ítálì, pápá Ramitelli ni wọ́n sì ti ń gbéra, kò jìnnà sí òkun Adriatic. Ibùdó yẹn wúlò fún yín nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ó rí i.

Irin tí kò ní ọ̀dà kì í ní àwọ̀ tirẹ̀. Ohun tó yí i ká ló máa ń mú. Ẹ kọ́kọ́ ya ojú ọ̀run àti ilẹ̀ parí, kí ẹ tó fọwọ́ kan bàálù. Nígbà náà, ní Krita, ẹ ya ìrísí ara bàálù sórí léyà kan, kí ẹ kó o sínú group, kí ẹ wá fi léyà mìíràn sórí rẹ̀ nínú group náà, tí ẹ tẹ Inherit Alpha fún, kí àwọ̀ má bàa jáde kọjá ìrísí náà. Ẹ fi àwọ̀ ojú ọ̀run kun ìdajì òkè, ẹ fi àwọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ kun ìdajì ìsàlẹ̀: búlúù òkun, tàbí àwọ̀ oko. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ fa ìlà tó ṣókùnkùn díẹ̀ tó sì bá ìtẹ̀ ara bàálù lọ. Ìlà yẹn nìkan ló ń sọ irin di irin. Lẹ́yìn náà, ẹ yan páànù kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n má bàa mọ́lẹ̀ bákan náà. Tí ẹ bá kọjá 8, ó di aṣọ alábùlẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Blender: Metallic 1.0, Roughness (bí kò ṣe dán tó) láti 0.25 sí 0.35.

Apá Mustang yàtọ̀ o, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń ṣubú. Kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ̀ lọ geere lórí rẹ̀, ilé iṣẹ́ fi pútì dí ìsopọ̀ apá àti orí ríbẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà fàdákà. Nítorí náà ara ń dán, apá kì í dán tó o. Ẹ fún apá ní Roughness bíi 0.5, kí ẹ sì yọ ìlà páànù kúrò lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ibi ìbọn, ibi ọta àti ibi epo.

Ìbọn mẹ́ta ló wà nínú apá kọ̀ọ̀kan P-51D, ìyẹn Mustang yìí. Ọ̀dà ewé ṣíṣú tí kì í dán wà lórí imú níwájú gíláàsì, kí oòrùn má bàa ta sí awakọ̀ lójú. Ìràwọ̀ Amẹ́ríkà wà lára ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ní apá, òkè apá òsì àti abẹ́ apá ọ̀tún nìkan ló wà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi Mirror yí i. Èéfín tó fà sẹ́yìn láti ẹnu sálẹ́ńsà jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó pò mọ́ eérú, kì í ṣe dúdú. Kẹ̀kẹ́ ìrù rẹ̀ ń wọlé tó bá ti gbéra, ti Spitfire Mk I kì í wọlé.

Ọ̀rọ̀ Messerschmitt Bf 109 ń kọ́? Ṣé kí iná sì máa yọ lẹ́nu ìbọn? — M. J., Kútọnu

Fún 1940, Bf 109 E lẹ ń wá: ẹnu apá rẹ̀ gé bí àpótí, igi kékeré sì gbé apá ìrù ró lábẹ́. Èyí tí ẹnu apá rẹ̀ yípo, tí kò ní igi yẹn, F ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dojú dé, nítorí náà ẹnu èéfín wà nísàlẹ̀ imú, kì í ṣe lókè bíi ti Spitfire. Irin tó ń yọ jáde létí iwájú apá máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tí eré bá lọ sílẹ̀ tàbí tí bàálù bá tẹ̀ gan-an. Tó bá ń sáré lọ gbọọrọ, ẹ pa á dé. Ní ti àmì Nazi, abala 86a òfin ọ̀daràn Jámánì kà á léèwọ̀ ní gbangba, bó tilẹ̀ yọ iṣẹ́ ọnà àti ìtàn sílẹ̀. Ìkànnì tí ẹ ti ń tà lè ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìbọn Spitfire Mk I mẹ́jọ ni, wọ́n sì máa ń fi aṣọ pupa lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò wọn kí ìdọ̀tí àti òtútù má wọlé. Bí aṣọ náà bá ṣì gún régé, ìbọn kò tíì dún. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa yìnbọn, ẹ ya aṣọ náà kó ti ya, kí ẹ fa dúdú èéfín sẹ́yìn lábẹ́ apá, kí ẹ sì jẹ́ kí èèpo ọta tó ti dún máa já bọ́ nísàlẹ̀. Iná níwájú ìbọn, ẹ rọra: lọ́sàn-án gangan, kò ju ẹ̀ta iná kékeré lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé owó Nàìjíríà ra Spitfire? — R. O., Ìjẹ̀bú-Òde

Wọ́n dáwó, bẹ́ẹ̀ ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. £5,000 ni wọ́n kà sí owó Spitfire kan, wọ́n á sì kọ orúkọ olùdáwó sára rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹ má hùmọ̀ ọ̀kan o. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí fọ́tò tó fi nọ́ńbà bàálù náà hàn. Fọ́tò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà ṣáájú oṣù kẹfà 1957 kò ní ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí mọ́, ẹ lè fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń wá ọmọ wa gan-an, Akin Shenbanjo wà nínú àwọn tó ń fi Halifax ẹgbẹ́ 76 fò, èyí tí wọ́n kọ “Achtung! The Black Prince” sí nímú. Bàálù ajubọ́ǹbù ni, kì í ṣe ajagun, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, ṣùgbọ́n a ò rí ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnì kan yà á.

Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 8GB, ó sì ń há tí mo bá ya àwòrán tó tó bébà A2. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, pupa ìrù Mustang mi ṣá. — K. W., Àkúrẹ́

A2 ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan) jẹ́ píksẹ́lì 4,961 sí 7,016. Léyà kan tó kún ń jẹ bíi 139MB ní 8-bit (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọ̀), ìlọ́po méjì rẹ̀ ní 16-bit. Léyà 25 ní 16-bit ti ń lọ sí 7GB, kí ẹ tó ka ohun tí Windows ń jẹ. Ẹ lo 200 dpi: píksẹ́lì 3,307 sí 4,677, 62MB fún léyà kan ní 8-bit. Èèyàn kì í fimú kan A2 lára ògiri, kò ní hàn. Ojú ọ̀run 8-bit lè yọ ìlà bí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ́n noise (èérún àwọ̀ wẹ́wẹ́) 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ẹ jẹ́ kí Krita máa fi autosave tọ́jú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, iná kì í kìlọ̀ kó tó lọ.

Pupa ìrù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, yíǹkì ìtẹ̀wé kò lè dé ibẹ̀. Búlúù ojú ọ̀run náà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè profile ẹ̀rọ wọn (fáìlì tó ń sọ àwọ̀ tí ẹ̀rọ náà lè tẹ̀) lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé, kí ẹ gbé e sínú Krita, kí ẹ tan Soft Proofing àti Out of Gamut Warnings nínú View. Ibi tí ìkìlọ̀ bá ti hàn, ẹ dín kíkún àwọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tó yí i ká rọ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Pupa ìrù á tún ta yọ. Kí ẹ tó san owó A2, ẹ ní kí wọ́n gé ìrù nìkan tẹ̀ sórí A5, lórí irú bébà kan náà, kí ẹ gbé e wò níta lójú ọ̀sán.